Ibi Gíga Tí Àwọn Ọba Rere Fi Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, alàgbà. Ẹ̀wà àti gàrí ni mò ń tà. Láàárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà ni mo máa ń ka Bíbélì, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní. Ohun kan ń rú mi lójú níbẹ̀. Bíbélì ní Ásà ọba Júdà ṣe ohun tó tọ́ lójú Olúwa, ó ní ọkàn rẹ̀ pé, síbẹ̀ ó ní wọn kò mú ibi gíga kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ nípa Jèhóṣáfátì ọmọ rẹ̀. Kí ni ibi gíga yìí? Ṣé òkè àdúrà tí àwa náà ń gùn ni? Kí ló sì kan èmi tí n kò jọba lé ẹnì kankan lórí? Ìkejì, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ka 2 Kíróníkà 16:12 sí màmá mi létí, ó ní oníṣègùn ló pa Ásà. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ẹni tó ń wá ìtumọ̀ ẹsẹ Bíbélì.

Ẹsẹ yẹn kò sọ pé oníṣègùn ló pa Ásà. Ohun tó sọ ni pé ní ọdún 39 ìjọba rẹ̀ ni àrùn mú un lẹ́sẹ̀, àrùn náà sì le gan-an, ṣùgbọ́n nínú àìsàn náà kò wá Olúwa, àwọn oníṣègùn nìkan ló wá. Ọdún 41 ló kú. Orí ọ̀rọ̀ náà, “wá”, ni ẹrù ẹsẹ yẹn wà. Ẹ ṣí orí kan padà sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń tẹ̀ lé Ásà bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 15 ìjọba rẹ̀, wọ́n kó gbogbo Júdà jọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n fi 700 màlúù àti 7,000 àgùntàn rúbọ, wọ́n sì bá Olúwa dá májẹ̀mú pé ẹnikẹ́ni tí kò bá wá Olúwa, pípa ni kí wọ́n pa á, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọba tí wọ́n dá májẹ̀mú yìí lójú rẹ̀ gan-an ni kò wá Olúwa mọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ní ọdún 36, Báṣà ọba Ísírẹ́lì, ìjọba àríwá tó ti ya kúrò lára Júdà, ń mọ ìlú Rámà kó lè dí ọ̀nà Júdà pa. Ásà kó fàdákà àti wúrà inú ilé Olúwa, ó fi ránṣẹ́ sí Bẹni-Hádádì ọba Síríà ní Dámásíkù pé kó bá òun kọlu Báṣà. Ó sì rí bó ṣe fẹ́. Báṣà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ewu ọ̀rọ̀ náà wà nìyẹn: ọgbọ́n tí kò ní Ọlọ́run nínú yọrí sí rere, kò wá sí ìdí kankan mọ́ tí ọba fi máa ronú pé òun ṣìnà. Nígbà tí Hánánì aríran wá bá a wí, ẹ̀wọ̀n ló sọ ọ́ sí. Ẹni tó ti ẹnu Ọlọ́run mọ́ túbú, báwo ni yóò ṣe wá tọ Ọlọ́run lọ lọ́jọ́ àìsàn? Ojú ń tì í ni, tàbí inú ń bí i, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, kò lọ.

Ní ti oògùn fúnra rẹ̀, 2 Àwọn Ọba 20:7 ti parí ọ̀rọ̀. Hesekáyà ọba Júdà ń ṣàìsàn dé ojú ikú. Aísáyà mú ìlérí ìwòsàn wá fún un, pẹ̀lú ọdún 15 lé ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹnu kan náà ni wòlíì fi ní kí wọ́n mú ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ wá. Wọ́n fi lé ojú oówo náà, ara ọba sì yá. Kí màmá yín lọ sí ilé ìwòsàn lónìí bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n bá wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru náà wò, kí wọ́n sì sọ iye ọjọ́ tí wọn kò fi lo oògùn fún dókítà láì fi bò. Kí wọ́n má ṣe lo ìlọ́po méjì láti fi dí ọjọ́ tó ti kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà lé oògùn náà lórí kí wọ́n tó gbé e mì, Aísáyà kò ní bá yín jà.

Ó wá ku ibi gíga.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe gíga òkè ni Bíbélì ń bá wí. Ibi ìrúbọ ni: pẹpẹ òkúta, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta gbọọrọ kan tí wọ́n nà ró, àti òpó igi Áṣérà, òrìṣà obìnrin àwọn ará Kénáánì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí òkè ló pọ̀ sí, ṣùgbọ́n 2 Àwọn Ọba 23:8 dárúkọ èyí tó wà lẹ́nu bodè ìlú, Jeremáyà 7:31 sì dárúkọ èyí tó wà ní àfonífojì. Nítorí náà, ẹni tó gun òkè lọ gbàdúrà kò dá ẹ̀ṣẹ̀ ibi gíga. Jésù gan-an gun òkè lọ gbàdúrà. Bí ohun kan bá wà láti yẹ̀ wò lórí òkè àdúrà, ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ ni, àti ohun tí a gbà gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ lè ṣe tí ilẹ̀ yàrá wa kò lè ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò ni pé ibi gíga kò bẹ̀rẹ̀ ní búburú. Sámúẹ́lì rúbọ níbẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 9). Sólómọ́nì fi 1,000 ẹbọ sísun rúbọ ní Gíbéónì, ibẹ̀ náà ni Ọlọ́run ti fara hàn án lójú àlá, tó bi í pé kí ló fẹ́. 1 Àwọn Ọba 3:2 sọ ìdí rẹ̀: wọn kò tíì kọ́ ilé fún orúkọ Olúwa. Deutarónómì 12 ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí Ọlọ́run yóò yan ibì kan ṣoṣo. Ọdún 7 ni Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ḿpìlì. Lọ́jọ́ tó parí, ìdí tí ibi gíga fi wà ti tán, ṣùgbọ́n àwọn ibi gíga fúnra wọn kò lọ síbì kankan. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ère àwọn ará Kénáánì wà nítòsí, àṣà wọn sì rọra wọ inú ìjọsìn Olúwa títí tí ẹni tó ń rúbọ kò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí mọ́.

Ìdí tí àwọn ọba rere kò fi mú un kúrò kò ṣòro láti mọ̀ bí ẹ bá fi ara yín sí ipò ará ìlú. Láti Bíáṣébà sí Jerúsálẹ́mù lé ní 70 kìlómítà. Ẹ fa ewúrẹ́ kan dání, ẹ máa gun òkè Júdà lọ. Ibi gíga wà lẹ́yìn ilé ní tirẹ̀. Ó sì ní àlùfáà tirẹ̀ tó ń jẹun nídìí rẹ̀, tó ní ìyàwó àti ọmọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, orúkọ Olúwa ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Nígbà tí Senakéríbù ọba Ásíríà gbógun ti Júdà ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Jésù, Ráábúṣákè ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró nídìí odi Jerúsálẹ́mù, ó ń kígbe sí àwọn ará ìlú pé: Ọlọ́run wo lẹ ní ẹ gbẹ́kẹ̀ lé? Ṣé kì í ṣe èyí tí Hesekáyà wó ibi gíga rẹ̀ lulẹ̀? Ọ̀tá mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó mọ̀ pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọba tó wó ibi gíga ti ṣẹ Ọlọ́run ni. Ẹ sì má rò pé ìtàn lásán ni: ní 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkúta pẹpẹ ńlá kan tó ní ìwo ní Bíáṣébà, wọ́n ti tú u ká, wọ́n sì ti fi òkúta rẹ̀ mọ ògiri ilé ìkẹ́rùsí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa dí yín lọ́nà bí ẹ bá dé Kíróníkà. 2 Kíróníkà 14:3 ní Ásà mú ibi gíga kúrò, 15:17 ní wọn kò mú un kúrò. Jèhóṣáfátì náà: 17:6 ní ó mú un kúrò, 20:33 ní kò kúrò. Òǹkọ̀wé kan náà ló kọ ọ́, kò sì gbàgbé ohun tó kọ ní orí mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn kan ní ti òrìṣà àjèjì ni wọ́n wó, wọ́n fi èyí tí wọ́n ń lò lórúkọ Olúwa sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, 20:33 fúnra rẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀: àwọn ènìyàn kò tíì múra ọkàn wọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ Ọlọ́run àwọn baba wọn. Ọba wó o, wọ́n tún un mọ. Jèhóṣáfátì kò sì ya ọ̀lẹ. Ní ọdún kẹta rẹ̀ ó rán ìjòyè 5, ọmọ Léfì 9 àti àlùfáà 2 jáde, ènìyàn 16 tó gbé ìwé òfin rìn káàkiri àwọn ìlú Júdà láti kọ́ni. Síbẹ̀, ọkàn kì í yí padà lọ́jọ́ kan tí òkúta yí.

Ní ti “ọkàn rẹ̀ pé”, kò túmọ̀ sí pé Ásà kò dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni ti ohun tó wà lódindi, tí kò pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni 1 Àwọn Ọba 11:4 fi sọ pé ọkàn Sólómọ́nì kò pé, nítorí ó tẹ̀ lé òrìṣà àwọn ìyàwó rẹ̀. Ásà kò lọ sìn òrìṣà. Ó tilẹ̀ yọ Máákà ìyá ńlá kúrò lórí oyè nítorí ère, ó sun ère náà lẹ́bàá odò Kídírónì. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọkàn ènìyàn jẹ́ ti Ọlọ́run lódindi, kí ibi gíga sì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ohun tí ẹ ní ó ń rú yín lójú yẹn gan-an ni Bíbélì fẹ́ kí a rí.

Ẹ bi mí pé kí ló kàn yín. Ọba 6 ni Ìwé Àwọn Ọba yìn pé wọ́n ṣe dáadáa, tó sì so ọ̀rọ̀ ibi gíga mọ́ ìyìn náà nídìí: Ásà, Jèhóṣáfátì, Jóáṣì, Amasáyà, Ùsáyà (tí ìwé náà ń pè ní Asaráyà) àti Jótámù. Bí ẹ bá dé orí ọba kan, ẹ wá ibi tí ó ti sọ pé ó ṣe rere tàbí búburú, ẹ wá “ṣùgbọ́n” tàbí “kìkì” tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ lọ wo ọba kan náà nínú Kíróníkà, kí ẹ ka ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ dáadáa ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ má fi àṣeyọrí ṣe òṣùwọ̀n. Ómírì ọba Ísírẹ́lì lókìkí débi tí àwọn ará Ásíríà fi ń pe Ísírẹ́lì ní ilé Ómírì lẹ́yìn tó ti kú pẹ́, ẹsẹ 6 péré ni Bíbélì fún ìjọba rẹ̀.

“Kìkì” ti ọlọ́jà lè jẹ́ kọ́ńgò. N kò sọ pé ti yín ni o. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó ń san ìdámẹ́wàá, tó ń fi òótọ́ bá gbogbo ènìyàn lò, ṣùgbọ́n tí ìdí kọ́ńgò rẹ̀ ti wọnú díẹ̀ nítorí pé bí gbogbo ọjà ṣe ń ṣe é nìyẹn, ibi gíga nìyẹn. Ó sún mọ́ ilé, ó rọrùn, ó ń bọ́ ẹni, ìgbà tí a bá sì lọ wó o, ó máa dà bí ẹni pé a ń fi ara wa ṣòfò. Jéhù ọba Ísírẹ́lì, tó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ ilé Áhábù, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ó ní kí Jèhónádábù wá wo ìtara òun fún Olúwa, ó pa àwọn wòlíì Báálì run, ilé Báálì di ilé ìyàgbẹ́. Ṣùgbọ́n màlúù wúrà tó wà ní Bẹ́tẹ́lì àti Dánì, kò fọwọ́ kàn án. Jèróbóámù, ọba àkọ́kọ́ ìjọba àríwá náà, ló ṣe màlúù wọ̀nyẹn kí àwọn ènìyàn má baà máa gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù kí ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báálì jẹ́ òrìṣà ilé Áhábù, ọ̀tá Jéhù. Màlúù ń ṣọ́ ìtẹ́ tí Jéhù fúnra rẹ̀ jókòó lé. Ìtara wa máa ń gbóná jù sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mú èrè wá fún wa.

Irú mìíràn ni Nehúṣítánì. Ejò idẹ tí Móṣè rọ nínú aginjù nípa àṣẹ Ọlọ́run, tí ẹni tí ejò bá bù ṣán ń wò tó ń yè. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ń sun tùràrí sí i. Hesekáyà fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18:4). Ẹ ronú sí ìgò òróró tó wà lórí tẹ́lífíṣọ̀n, aṣọ ìfọwọ́ tí wòlíì gbàdúrà sí tí a ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí lọ́dọọdún. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni Ọlọ́run fi í dá ẹnì kan lára yá nígbà kan. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ rọrùn: bó bá sọnù lálẹ́ òní, ṣé màá sùn? Bí oorun kò bá ní wá, ó ti di Nehúṣítánì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un kúrò? Ẹni tó ṣe é parí jù lọ ni Jòsáyà, ìtò rẹ̀ sì wà nínú 2 Kíróníkà 34. Ọmọ ọdún 8 ló jọba. Ọdún kẹjọ ìjọba rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọlọ́run, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ọdún 12 ìjọba rẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibi gíga. Ọdún 4 tó fi ń wá Ọlọ́run ló ṣáájú wíwó. Ọdún 18 ni Hilikáyà àlùfáà rí ìwé òfin nínú tẹ́ḿpìlì. Ọba gbọ́ ọ, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó ránṣẹ́ lọ bi Húlídà wòlíì obìnrin, ó pe àwọn ènìyàn jọ, ó ka ìwé náà sí wọn létí, iṣẹ́ náà wá le sí i. Ohun tí àwọn tó ń fi ìbínú wó nǹkan máa ń gbàgbé wà nínú 2 Àwọn Ọba 23:9: àwọn àlùfáà Júdà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ibi gíga kò gun pẹpẹ Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ àkàrà aláìwú láàárín àwọn arákùnrin wọn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò gba oúnjẹ. Bí ẹ bá fẹ́ tún kọ́ńgò ṣe, ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tí ẹ óò máa pàdánù lórí àpò kan, kí ẹ fi díẹ̀ kún owó ojú kọ́ńgò, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé òṣùwọ̀n pé báyìí. Ẹni tí kò bá ṣírò yìí, kí oṣù tó parí, á ti tún ìdí kọ́ńgò náà lù wọnú.

Hesekáyà náà kò ṣe é lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹ́ḿpìlì di mímọ́, ọjọ́ 8 ni wọ́n dé ìloro, ọjọ́ 16 ni wọ́n parí. Ìrékọjá tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ 14 ti kọjá. Kò pa á tì, kò sì díbọ́n pé ó ti ṣe é. Ó sún un sí oṣù kejì gẹ́gẹ́ bí òfin Móṣè ṣe fàyè gbà.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: Ásà, Hesekáyà àti Jòsáyà jẹ́ ọba. Wọ́n ní àṣẹ lórí ohun tí wọ́n wó. Ẹ̀yin ní àṣẹ lórí ìsọ̀ yín, yàrá yín àti ẹnu yín. Ẹ kò ní in lórí ojúbọ agboolé ọkọ tàbí yàrá àbúrò yín, ẹni tó bá sì fi ìtàn Jòsáyà lọ fọ́ ohun ìní ẹlòmíràn ti ka apá kan, ó fi apá kan sílẹ̀. Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé ìgbàgbọ́ tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Jóáṣì ṣe dáadáa ní gbogbo ọjọ́ tí Jèhóyádà àlùfáà fi ń kọ́ ọ. Bàbá náà kú lẹ́ni 130 ọdún, àwọn ìjòyè wá tẹrí ba fún ọba, ó fetí sí wọn, kò sì pẹ́ tó fi ní kí wọ́n sọ ọmọ Jèhóyádà lókùúta pa nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì.

Lọ́la, kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ ka 1 Àwọn Ọba 11:7, níbi tí Sólómọ́nì ti kọ́ ibi gíga fún Kémóṣì òrìṣà Móábù lórí òkè tó dojú kọ Jerúsálẹ́mù. Ẹ fi ìka síbẹ̀, kí ẹ ṣí 2 Àwọn Ọba 23:13. Ibi gíga Sólómọ́nì yẹn kan náà ni Jòsáyà wá sọ di aláìmọ́, ó ti lé ní 300 ọdún láàárín wọn. Ìlà-oòrùn ni tẹ́ḿpìlì kọjú sí. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde lẹ́yìn ẹbọ, láyé Ásà, láyé Jèhóṣáfátì, òkè yẹn ló wà níwájú rẹ̀.